Ẹ̀rọ Ìdánimọ̀ ní Ẹnu Ọ̀nà Ọ́fíìsì Wa: Oṣù Mẹ́jọ Tí A Ti Ń Lò Ó

Oògùn ni ilé iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn ń tà fún àwọn ilé ìwòsàn, èmi sì ni mo ń bójú tó ọ́fíìsì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Láti ọjọ́ tí a ti débẹ̀, káàdì ni gbogbo òṣìṣẹ́ fi ń ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí a tú àkọsílẹ̀ oṣù kan wò lọ́dún tó kọjá, a rí i pé káàdì ọmọkùnrin kan tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣì ń wọlé láràárọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó gbàgbé káàdì tirẹ̀ sínú takisí, ni ó ń lò ó. Kò jí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bà wá lẹ́rù, nítorí káàdì kò mọ ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá ti mú un dání náà ni ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni a rà. Èyí tó wà ní ẹnu ọ̀nà iwájú ń wo ojú ènìyàn. Àwọn méjì yòókù, ní sítọ́ọ̀ àti ní yàrá tí kọ̀ǹpútà ńlá wà, ń gba ìtẹ̀ka. Agbaṣẹ́ṣe tí ó bá wa fi wọ́n síbẹ̀ ní kí a kó gbogbo káàdì dànù, mo sì kọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ́kọ́ fi káàdì kan ẹ̀rọ, ìka rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ yóò yẹ̀ wò bóyá ó bá ti ẹni tó ni káàdì náà mu. Bí kò bá sí káàdì, yóò ní láti wá ìka náà láàárín ti gbogbo ènìyàn, bí iye ènìyàn bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni àyè àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Pé a fi méjèèjì pọ̀ ni mo kà sí ìpinnu tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Káàdì tí a gbàgbé sínú takisí kò lè ṣílẹ̀kùn sítọ́ọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọjọ́ tí a ń gba ìtẹ̀ka sílẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ìka kò dọ́gba. Màmá tí ó ń bá wa tọ́jú ilé tẹ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ìka ìfábẹ̀lá kọ́, àtàǹpàkò kọ́, ọwọ́ ọ̀tún kọ́, ọwọ́ òsì kọ́. Ẹ̀rọ náà ṣáà ń fi èdè òyìnbó sọ pé kí wọ́n tún un tẹ̀. Màmá wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, àbí n kò sí láyé mọ́ ni?” Ọṣẹ àti Jik ti fọ ìlà ọwọ́ wọn lọ. Kì í ṣe tálákà nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí: ní ọdún 2015, ẹ̀rọ tí INEC fi ń yẹ káàdì ìdìbò wò kò gba ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan ní Òtúókè, lójú gbogbo ayé. Àwọn ẹ̀rọ BVAS tí INEC gbé jáde lẹ́yìn náà ń wo ìka, wọ́n sì ń wo ojú pẹ̀lú. Ohun tí ó yẹ kí agbaṣẹ́ṣe wa ti sọ fún wa kí a tó sanwó nìyẹn. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìka àwọn mìíràn náà gbẹ, wọn kò wọlé; ẹnìkan gbé òrí wá, wọ́n fi pa ọwọ́, ẹ̀rọ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n òrí yí gbogbo gíláàsì rẹ̀, a sì di ẹni tí ń nù ún lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ti ojú kò yọ wá lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Bí mo bá tún un rà, ti ojú ni n ó rà fún gbogbo ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó ká mi lára jù. Òòfà tí ń lo iná ni ó di ilẹ̀kùn mú. Bí iná bá lọ, òòfà yóò tú u sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí ènìyàn má baà há sínú ilé bí iná bá sọ. Bátìrì ni ó yẹ kí ó dì í mú títí iná yóò fi dé. Èyí tí wọ́n fún wa kò lè gbé òru kan já. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, mo bá ọlọ́dẹ wa lórí àga níwájú ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ní láti aago méjì òru ni òun ti jókòó síbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe náà gba owó bátìrì tuntun lọ́wọ́ wa, ó ní kò sí nínú ìwé àdéhùn. A so ó mọ́ ínfátà, a sì tún fi kọ́kọ́rọ́ gidi sí i fún alẹ́.

Ẹ̀rọ yìí kò sì lè ka iye ènìyàn tó bá ẹnìkan wọlé. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbàlagbà tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lójú? A ti sọ fún wọn tó, wọ́n ṣì ń di ilẹ̀kùn mú fún ara wọn. Agogo tí ń ké bí ilẹ̀kùn bá ṣí pẹ́ ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ wa ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní tòótọ́, a kò sì dá a dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi tan àwọn ọ̀gá wa láti ra ẹ̀rọ náà ni pé a kò ní máa san owó oṣù rẹ̀ mọ́.

Ẹ bi agbaṣẹ́ṣe yín léèrè ibi tí àkọsílẹ̀ ìka àti ojú yóò máa wà. Kì í ṣe àwòrán ìka gan-an ni ó yẹ kí ẹ̀rọ tọ́jú, bí kò ṣe nọ́ńbà tí ó ti fi wọn ìlà ọwọ́, ibi tí ìlà gbé pín àti ibi tí ó parí sí. Ní ọdún 2019, àwọn olùṣèwádìí rí i pé àkọsílẹ̀ BioStar 2, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé iṣẹ́ káàkiri ayé fi ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní ìtẹ̀ka tó lé ní mílíọ̀nù kan wà nínú rẹ̀. Káàdì tó sọnù, a óò ṣe òmíràn. Ta ni yóò ṣe ìka òmíràn fún ènìyàn? Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù, bí ó bá sì jò lọ́nà tó lè ṣàkóbá fún ènìyàn, wákàtí 72 péré ni ilé iṣẹ́ ní láti fi tó àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà (NDPC) létí. Tiwa wà lórí kọ̀ǹpútà tiwa, a sì ń pa ti ẹni tó bá kúrò rẹ́ ní ọjọ́ tó kúrò. Síbẹ̀, oṣù kẹta ni mo tó mọ̀ pé nọ́ńbà àṣírí tó bá ẹ̀rọ wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ṣì fi sílẹ̀ lórí rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí nínú ìwé ìlò.

Ọ́fíìsì tí kò ní ju tábìlì àti ìwé lọ kò nílò rẹ̀. Káàdì tí a ń fagi lé ní àkókò àti ọlọ́dẹ tí ojú rẹ̀ là ti tó. Fún sítọ́ọ̀ tiwa, ó tó owó tí a san. A fẹ́ fi ẹ̀kẹrin sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lóṣù tó ń bọ̀, ti ojú ni, agbaṣẹ́ṣe mìíràn ni yóò sì fi í síbẹ̀.