Rọ́bà tí mo fi ń tẹ páànù: oṣù mẹ́jọ rèé, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Àwọn tó mọ̀ mí ní Àjàṣẹ́ mọ̀ pé òdòdó ara géètì ni mo ń ṣe, àwọn òdòdó alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń kàn mọ́ géètì ẹnu ilé yẹn. Tẹ́lẹ̀, òòlù ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń lù ú, tí mo bá fi lu mẹ́wàá lóòjọ́ apá á ti kú, méjì ò sì ní jọra. Mo wá ra rọ́bà pọliyuretéènì yìí lọ́jà Ouando, ó rí bí oyin, 100 mílímítà níbùú, 100 lóròó, ó nípọn 50, 30.000 sẹ́fà ni mo san. Owó mi ò ṣègbé rárá.

Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lẹ máa gbẹ́. Tó bá jẹ́ irin sí irin ni, takọtabo ni, ìkejì yẹn ló ń jẹ owó, tí wọn ò bá sì wọra dáadáa páànù á ya. Ti rọ́bà, ẹ gbé páànù lé mọ́ọ̀dù, ẹ gbé rọ́bà lé e, ẹ fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, rọ́bà fúnra ẹ̀ á wá gbogbo kọ̀rọ̀ kàn, ojú páànù tó kọjú sí i ò sì ní ha, kódà èyí tí wọ́n ti kùn. Ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe bààlúù ni, Henry Guerin ní ilé iṣẹ́ Douglas ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde láàárín ọdún 1930 sí 1939, torí bààlúù tí wọ́n ń ṣe kì í pọ̀ tó èyí tí wọ́n á tìtorí ẹ̀ gbẹ́ mọ́ọ̀dù méjì fún gbogbo pátì. Èmi náà rèé, oníbàárà á dé á ní ogún òdòdó péré lòun fẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fọkàn sí i gan-an ni ìwọ̀n rọ́bà. Ẹ má lọ ra ńlá torí pé ó wù yín o! Jáàkì mi, 20 tọ́ọ̀nù, lórí rọ́bà mi yìí ó jẹ́ bíi 200 kílò lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, tí mo bá ra oní 200 sí 200, 50 kílò péré ló máa kù, òdòdó ò ní yọ. Ẹ tún ṣe àpótí irin tó nípọn fún un, torí rọ́bà kì í fún pọ̀, ṣe ló máa ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò bá sí ohun tó dá a dúró agbára yín ti lọ nìyẹn. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ ẹlòmíì, rọ́bà táyà lásán ni, kò lo ọ̀sẹ̀ méjì tó fi fọ́ wẹ́wẹ́, ó dùn mí gan-an.

Ó ń gé náà, bí páànù bá ti fẹ́lẹ́. Irin líle tí etí ẹ̀ mú ni mo fi ṣe àwòrán ohun tí mo fẹ́ gé, mo máa ń jẹ́ kí páànù yọ síta dáadáa yí i ká, torí ibi tó yọ yẹn ni rọ́bà máa tẹ̀ wálẹ̀ títí á fi já. Àmọ́ ihò kékeré ò ṣeé ṣe, rọ́bà ò lè wọnú ẹ̀, dírílì ni kẹ́ ẹ lò.

Tí alumíníọ̀mù bá le, tó ń ta padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi ọṣẹ pa á lára, ẹ yá a níná, bí ọṣẹ bá ti dúdú ẹ gbé e kúrò, á ti rọ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó gbé rọ́bà lé e, ooru ò bá rọ́bà yìí ṣe. Ẹ wọ awò, ẹ má sì dúró kọjú sí jáàkì.

Àléébù tí mo rí ò ju ẹyọ kan lọ: irin tí mo fi ń gé ti gé ojú rọ́bà náà síwẹ́síwẹ́, mo ti yí i padà, ojú kan fún gígé, ojú kejì fún òdòdó. 90 Shore A, ìyẹn ìwọ̀n bí rọ́bà ṣe le tó, ni wọ́n kọ sára tèmi. Tí wọ́n bá kó 95 dé Ouando, màá ra ọ̀kan fún gígé nìkan.