CO2, àdàpọ̀ argon, tàbí wáyà tí kò lo gáàsì: èwo ló yẹ ẹni tó ń fi MIG jó irin nílé?

Ẹni tó bá fẹ́ máa fi ẹ̀rọ MIG (ẹ̀rọ wẹ́dìn tó ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀ bó ṣe ń jó) jó irin nílé, yálà àga ló fẹ́ ṣe, géètì kékeré ni, tàbí abẹ́ ọkọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ ló fẹ́ lẹ̀, ọ̀rọ̀ gáàsì ló sábà máa ń dá a dúró. Ẹ̀rọ ti délé, wáyà ti wà nínú rẹ̀, ó wá ku ohun tí ò sí nínú páálí. Ẹnì kan á ní kó lọ ra CO2 (gáàsì kábọ́ọ̀nù dàyókísáìdì), ẹlòmíì á ní àdàpọ̀ argon (gáàsì mìíràn tí wọ́n pò mọ́ CO2) nìkan ló dáa, ẹlòmíì á ní kò tiẹ̀ nílò gáàsì rárá. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló yàtọ̀ síra. Ohun témi máa sọ ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ibi tẹ́ ẹ ó ti máa rọ gáàsì, kẹ́ ẹ tó pinnu èyí tẹ́ ẹ máa lò. Gáàsì tó dáa jù lọ ò ṣe ẹni tó ń gbé Ìṣẹ́yìn láǹfààní bó bá jẹ́ pé Èkó ló gbọ́dọ̀ gbé sìlíńdà lọ ní gbogbo ìgbà tó bá tán.

Iṣẹ́ tí gáàsì yìí ń ṣe ò ṣòro yé. Bí irin bá ti yọ́ lábẹ́ iná, afẹ́fẹ́ àyíká fẹ́ wọ inú rẹ̀. Bó bá ráyè wọlé, ihò wínníwínní á kún ibi tẹ́ ẹ jó bí inú búrẹ́dì. Gáàsì ló ń lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn títí irin á fi dì.

CO2

Fún irin lásán, ìyẹn áńgù, páìpù onígun mẹ́rin, àti páànù tó nípọn tó mìlímítà méjì sókè, CO2 nìkan ti tó. Iná rẹ̀ máa ń wọ irin lára dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń ta pàràpàrà: irin kéékèèké á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ yín àti mọ́ ẹnu tọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ dì mú tí wáyà àti gáàsì ń gbà jáde. Ẹ máa họ ẹnu tọ́ọ̀ṣì yẹn, torí bó bá dí, gáàsì ò ní jáde bó ṣe yẹ. CO2 tún ń fẹ́ kí iná ga ju ti àdàpọ̀ lọ, bíi fólìtì kan sí méjì. Ẹni tó bá kúrò lórí àdàpọ̀ bọ́ sórí CO2 tí kò yí bọ́tìnì fólìtì, ọwọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: wáyà á máa gún irin, á sì máa ti tọ́ọ̀ṣì padà sẹ́yìn.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ ilé ni pé ó wọ́pọ̀. CO2 kan náà ni wọ́n ń fi sínú ẹlẹ́rìndòdò àti bíà, òun náà ló sì wà nínú irú ẹ̀rọ panápaná kan. Torí náà, ẹ má béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò wẹ́dìn nìkan. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ ẹ̀rọ panápaná, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ gáàsì fún ẹ̀rọ ẹlẹ́rìndòdò. Èyí tí wọ́n ń fi sí ohun mímu mọ́ tó fún wẹ́dìn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹ̀rọ panápaná fúnra rẹ̀ so mọ́ MIG o. Páìpù kan wà nínú rẹ̀ tó ń fa omi CO2 jáde láti ìsàlẹ̀, inú rẹ́gúlétọ̀ yín (ohun tẹ́ ẹ so mọ́ ẹnu sìlíńdà tó ń dín agbára gáàsì kù) ni omi yẹn máa ya wọ̀. Sìlíńdà CO2 yòówù tó bá ní irú páìpù bẹ́ẹ̀ nínú, ẹ jìnnà sí i.

Mo pè é ní omi torí pé bó ṣe wà nínú sìlíńdà nìyẹn. Ìdí nìyí tí géèjì CO2 (aago tó ń fi agbára inú sìlíńdà hàn) fi ń tan èèyàn jẹ. Ó lè dúró sójú kan láti ìgbà tí sìlíńdà ti kún títí dìgbà tí omi inú rẹ̀ bá gbẹ, kó wá já wálẹ̀ lójijì nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Orí òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Wọ́n máa ń lu ìwọ̀n sìlíńdà òfìfo sí èjìká rẹ̀. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú iye tí òṣùwọ̀n bá sọ, ohun tó bá kù ni gáàsì. Bẹ́ ẹ bá ti ń bá ẹni tó ń rọ ọ́ ṣe nìṣó, ẹ ní kó wọ̀n ọ́n lójú yín kó tó rọ ọ́ àti lẹ́yìn tó bá rọ ọ́ tán.

Oòrùn náà tún wà ńbẹ̀. Bí sìlíńdà bá gbóná kọjá 31°C, omi inú rẹ̀ ò ní jẹ́ omi mọ́, agbára tó fi ń ti ara sìlíńdà á sì máa pọ̀ sí i. Abẹ́ òjìji ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe inú búùtù ọkọ̀ tí wọ́n tì pa lọ́sàn-án gangan.

Bí omi yẹn ṣe ń di gáàsì, ńṣe ló ń tutù. Bẹ́ ẹ bá ń jó lọ láìsinmi, yìnyín funfun á bo ara rẹ́gúlétọ̀, gáàsì á máa jáde ségesège, ihò á sì yọjú nínú iṣẹ́. Àwọn rẹ́gúlétọ̀ kan ní ohun amúgbóná tó ń lo iná 36 fólìtì, àwọn ẹ̀rọ MIG kan sì ní ojú tí wọ́n ń kì í bọ̀ lẹ́yìn. Fún ẹni tó ń jó díẹ̀ tó ń sinmi, mi ò rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ torí ẹ̀ náwó.

Àdàpọ̀ argon àti CO2

Ní Amẹ́ríkà, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń jó nílé ni argon ìdá 75, CO2 ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Bìrìtéènì, CO2 inú tiwọn sábà máa ń wà láàárín ìdá 5 sí 20. Iná rẹ̀ rọ̀, ariwo rẹ̀ dọ́gba, kì í ta púpọ̀, ó sì rọrùn láti fi jó páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ ara ọkọ̀ lẹ fẹ́ máa lẹ̀, ìyẹn páànù tí ò tó mìlímítà kan, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ wá àdàpọ̀ kódà bó bá wọ́n. CO2 lè ṣe é pẹ̀lú wáyà 0.6 mìlímítà, àmọ́ ẹ ó lu ọ̀pọ̀ ihò kọ́wọ́ yín tó mọ̀ ọ́n.

Géèjì tirẹ̀ kì í parọ́, torí gáàsì lásán ló wà nínú rẹ̀: bó bá ti dé ìdajì, ìdajì ló kù. Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí wọ́n ti ń rí i. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe gáàsì lẹ máa bá lọ, irú bí Industrial and Medical Gases tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí BOC Gases Nigeria. Ẹni tó bá ní òun máa bu argon díẹ̀ bu CO2 díẹ̀ sínú sìlíńdà yín lẹ́yìnkùlé, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ béèrè fún ìwé tó ń sọ ìdá tó wà nínú rẹ̀.

Argon nìkan, láìsí CO2, alumíníọ̀mù ló wà fún. Lórí irin lásán, iná rẹ̀ kì í fìdí múlẹ̀, ibi tẹ́ ẹ jó á wú sókè láìwọra. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á fún yín ní owó pọ́ọ́kú torí pé “gáàsì wẹ́dìn ṣáà ni,” ẹ dá a padà.

Wáyà tí kò lo gáàsì

Èyí ni mo máa sọ fún ẹni tí kò rí ibì kankan rọ gáàsì ní ìlú rẹ̀, tàbí tó jẹ́ ìta gbangba ló ti ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn díẹ̀ ti tó láti gbá gáàsì lọ, fáànù tẹ́ ẹ kọjú sí ara yín náà lè ṣe é. Wáyà yìí ò bìkítà, torí ohun tó ń dáàbò bo irin wà nínú wáyà fúnra rẹ̀. Ó ń rú èéfín gan-an, ó sì ń fi èèpo sílẹ̀ tẹ́ ẹ ó máa gbá kúrò. Wáyà náà wọ́n ju wáyà lásán lọ.

Ẹ ka ara páálí kẹ́ ẹ tó sanwó. E71T-GS àti E71T-11 ni kò lo gáàsì. E71T-1 jọ wọ́n, ṣùgbọ́n ó nílò gáàsì. Ẹ sì béèrè bóyá ẹ̀rọ yín ṣeé yí iná padà: wáyà lásán bí ER70S-6, tọ́ọ̀ṣì wà lórí pọ́sítíìfù, wáyà tí kò lo gáàsì, tọ́ọ̀ṣì wà lórí nẹ́gétíìfù. Ẹ̀rọ tí kò bá ṣeé yí, ẹ má rà á torí wáyà yìí.

Ẹ ṣírò rẹ̀ ní lítà

Mi ò ní kọ iye owó síbí torí kì í dúró. Ọ̀nà ìṣírò ni mo máa fún yín. Kílò kan CO2 ń di nǹkan bíi 540 lítà gáàsì. Kílò márùn-ún á fún yín ní 2,700 lítà. Bẹ́ ẹ bá ṣí i sí lítà 12 ní ìṣẹ́jú kan, tó dáa fún iṣẹ́ inú ilé, ìṣẹ́jú 225 ni, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45 tí iná fi ń jó ní ti gidi. Sìlíńdà àdàpọ̀ oní-lítà 10 tí wọ́n rọ dé 150 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì inú sìlíńdà) ní 1,500 lítà, ìṣẹ́jú 125. Ẹ pín owó tí wọ́n pè fún yín sí iye lítà, ẹ ó rí èyí tó wọ́n gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bìrìtéènì, ẹ fi ìṣírò yìí kan náà wo sìlíńdà kékeré tí wọ́n ń jù nù: bó bá jẹ́ 60 lítà ló wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi máa tán. Níbẹ̀, ẹ wá àwọn tó ń gba owó ìdúró lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ ó wá máa sanwó gáàsì nìkan láìsí owó ìyálò.

Sìlíńdà fúnra rẹ̀

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ní Owódé Onírin tàbí níbikíbi, ẹ má gba àwọ̀ rẹ̀ gbọ́, ọ̀dà ò lówó. Ẹ wo ọjọ́ ìdánwò tí wọ́n lù sí èjìká rẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ẹ má gba sìlíńdà ọ́síjìn kẹ́ ẹ fẹ́ sọ ọ́ di ti CO2. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa rọ ọ́ fún yín rí i, torí bóun bá ní òun ò rọ ọ́, irin pàǹtí lẹ rà. Ẹ mú rẹ́gúlétọ̀ yín dání pẹ̀lú: ẹnu sìlíńdà CO2 àti ti argon yàtọ̀ síra, ti ilẹ̀ Ṣáínà àti ti Bìrìtéènì náà sì yàtọ̀.

Gáàsì méjèèjì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Wọ́n máa ń rọ̀ wálẹ̀ sí ibi kòtò, wọn ò ní òórùn, wọ́n sì lè pa èèyàn nínú yàrá tí ò ní fèrèsé. Ẹ fi ṣéènì so sìlíńdà mọ́ ògiri ní òòró. Ẹ má sì jó irin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bíréèkì kílínà oníkílórínì (kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì ọkọ̀, tó ní kílórínì nínú) nù, torí iná wẹ́dìn lè sọ ọ́ di èéfín májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ so rẹ́gúlétọ̀, ẹ ṣí i, ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀. Níbi tó bá ti ń hó, ẹ fún un le sí i. Tẹ́ ẹ bá ti jó tán, ẹ pa á láti orí sìlíńdà, kì í ṣe láti ara ẹ̀rọ nìkan.