Ìgbẹ́jọ́ orí Zoom: bó ṣe rí lára mi nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé wa

Ìbàdàn ni mò ń gbé, Èkó ni kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ wa wà. À á jí ní ìdájí, à á bá sún kẹẹrẹ-fà kẹẹrẹ yí, a ó débẹ̀ tán, wọ́n á ní adájọ́ ò jókòó lónìí. Nígbà tí wọ́n wá ní orí Zoom la ó ti máa ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, inú mi dùn.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ mú ọjọ́ ni, tàbí kí adájọ́ ka ìpinnu, ó dára gan-an. Owó dátà nìkan ló lọ. Ó tiẹ̀ tún ìwà àwọn lọ́yà ṣe: èyí tó máa ń jágbe mọ́ra wọn ní kóòtù ò lè jágbe mọ́, akọ̀wé á ti pa ohùn rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́rìí ni wàhálà dé. Ẹlẹ́sìn Ògún ni wọ́n, irin ni wọ́n fi ń búra. Àdá oko wọn ni wọ́n nà sójú kámẹ́rà. Lọ́yà àwọn tá a jọ ń ṣẹjọ́ ní ta ló mọ̀ bóyá irin ni àbí ike. Baba bínú, wọ́n gbá àdá mọ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó dún gbangan! Adájọ́ ní ó tó. Nígbà tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, Baba ń wo ẹ̀gbẹ́, lọ́yà ní ẹnì kan ń kọ́ wọn lọ́rọ̀. Ọmọ-ọmọ wọn tó ń ṣọ́ bátìrì fóònù ni o! Wọ́n ní ká fi fóònù yí yàrá ká, nẹ́tíwọọ̀kì já, ẹjọ́ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ wá wò ó pé ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2020, orí Zoom yìí ni Adájọ́ Mojisola Dada ti Ìkẹjà ti dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin kan. Ẹ̀rù bà mí.

Nígbà tí ìjọba Èkó àti Èkìtì gbé ọ̀rọ̀ bóyá ìgbẹ́jọ́ orí Zoom bófin mu lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ náà ní ìméfò lásán ni ẹjọ́ náà, pé ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì lòdì sófin. Ṣùgbọ́n apá 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ní gbangba ni kí ìgbẹ́jọ́ wà. Àwọn ẹbí wa tó máa ń kún ẹ̀yìn kóòtù ò rí lìńkì gbà. Gbangba wo nìyẹn?

Fún mímú ọjọ́, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún ẹlẹ́rìí, ẹyọ kan. Bó bá kàn yín, ọ́fíìsì lọ́yà ni kí ẹ ti jẹ́rìí. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀.