Ilé ìgbẹ̀bí kan ní Òkè-Àdó tí wọ́n ti gbà mí láyè láti kúnlẹ̀ bímọ

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bí ọmọ mi kejì ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Òkè-Àdó, níhìn-ín ní Ìbàdàn, ni mo tó ronú sí i pé bí àwọn ìyá wa àtijọ́ ṣe ń bímọ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ibi tí mo ti bí àkọ́bí mi, wọ́n fi ẹ̀yìn mi lélẹ̀ láti ìgbà tí ìrọbí ti mú mi, wọn kò sì jẹ́ kí ìyá mi wọlé tọ̀ mí. A gbóhùn ìyá, a sì gbóhùn ọmọ, mo dúpẹ́, àmọ́ ẹ̀rù ọjọ́ náà pẹ́ lára mi.

Àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó gba ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Àdó yìí. Ìgbà 8 ni mo lọ fún àyẹ̀wò kí oṣù mi tó pé, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń dámọ̀ràn láti ọdún 2016. Wọ́n máa ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n máa ń yẹ ìtọ̀ wò, ojú wọn ni mo sì ti máa ń lo oògùn ibà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọn kì í kánjú. Àgbà inú wọn ní kí n sọ bí mo ṣe bí àkọ́bí mi fún òun, ó sì kọ ohun tó bà mí lẹ́rù sínú káàdì mi.

Lálẹ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mi, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní àkókò kò tíì tó, pé kí n máa rìn. Mo ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń mu ògì díẹ̀díẹ̀, ìyá mi ń fọwọ́ ra mí ní ìbàdí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbẹ̀bí ń fetí sí ọkàn ọmọ lóòrèkóòrè, tí wọ́n sì ń fi àmì sórí ìwé tó ń fi hàn bí ìrọbí náà bá ń falẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí ọmọ ń bọ̀, orí ẹní ni mo kúnlẹ̀ sí, mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ẹnikẹ́ni kò fi abẹ gé mi. Wọn kò sáré gé ìwọ́ ọmọ, wọ́n gbé e lé mi láyà, ó sì ti ń mu ọmú kí wákàtí kan tó pé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé wọ́n kórìíra oògùn o. Bí ọmọ ti wálẹ̀ ni wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ oxytocin, kí ilé ọmọ lè sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ má sì ya mí. Wọn kì í gba ìbejì, ọmọ tó fi ìdí sọ ìsàlẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí. Ilé ìwòsàn ńlá UCH tàbí ti Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu ni wọ́n ń darí irú wọn sí, kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé. Aládùúgbò mi kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ní oṣù keje bínú pé wọ́n lé òun ni, èmi sì rò pé ìtọ́jú tó dára jù tí wọ́n lè ṣe fún un nìyẹn.

Àbùkù kan tó ń dùn mí ni pé wọn kò ní ọkọ̀ tiwọn. Awakọ̀ takisí kan ní àdúgbò ni wọ́n ń pè bí ọ̀ràn bá le lóru, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya kì í sì í dúró de awakọ̀ tó ń sùn. Mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú owó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ báyìí, kó gba nọ́ńbà awakọ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sì ní ẹlòmíràn tó ní mọ́tò nítòsí.