Mo gbọ́ ohùn ara mi: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nídìí ẹ̀kọ́ ìlépa iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ

Ìgbà mọ́kànlá ni mo sọ "ẹ má bínú" láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. N ò ṣẹ ẹnikẹ́ni o. Iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni mo ń ṣàlàyé. Olùkọ́ wa ló ní kí kálukú gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, kó sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi ń bẹ̀bẹ̀ kó tó sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo kà á dé mọ́kànlá, mo pa fóònù. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí owó ẹ̀kọ́ yìí ò fi dùn mí, ọjọ́ yẹn ni n ó tọ́ka sí.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko. Fídíò wà tí èèyàn lè wò nígbà tó bá ráyè, ìpàdé wà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwa mẹ́fà la sì wà nínú ẹgbẹ́ tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ dá lórí ìlépa lẹ́nu iṣẹ́. Mẹ́rin tó kù, lórí bí èèyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ láìgbọ̀n.

"Mo fẹ́ di ọ̀gá ẹ̀ka wa láàárín ọdún méjì" ni mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, inú mi sì dùn sí i. Olùkọ́ kà á, wọ́n ní: "Ta ló máa fi yín ṣe ọ̀gá? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ni?" N ò rí èsì fọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ́ wa ní SMART, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ohun kan tí ìlépa gidi gbọ́dọ̀ ní, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti gbọ́ títí tó ti sú wọn. Oorun ti ń kùn mí kí n tó rántí pé nínú àpilẹ̀kọ tí George Doran fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1981, lẹ́tà A kì í ṣe "ohun tí ọwọ́ lè tẹ̀" bí fídíò ṣe wí. Ohun tí Doran ní lọ́kàn ni pé kí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà hàn kedere. Ìbéèrè tí olùkọ́ bi mí gan-an nìyẹn! Ìlépa mi ní àkókò, ó ní ìwọ̀n, àmọ́ ẹlòmíì ni yóò bá mi ṣe é. Mo pa á rẹ́. Mo wá kọ ọ́ pé láàárín oṣù yìí, n ó béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa gbé ìròyìn iṣẹ́ wa síwájú àwọn ọ̀gá. Wọ́n lè sọ pé rárá. Bíbéèrè wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tó tún wúlò níbẹ̀ ni ètò "bí èyí bá ṣẹlẹ̀, n ó ṣe tọ̀hún", tí Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Jámánì, ti kọ̀wé lé lórí lọ́dún 1999. Tèmi kúrú: bí alága ìpàdé bá béèrè bóyá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀, n ó sọ gbólóhùn kan kí ẹlòmíì tó lanu. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ ọ́. Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́ ju ìwé ìdánrawò gbàǹgbà tí wọ́n fún wa, èyí tí n ò parí, tí n ò sì ní parí.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni gbígba ohùn sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohùn ara ẹni máa ń ṣàjèjì lórí fóònù, nítorí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, egungun orí wa pẹ̀lú ń gbé ohùn náà wá sí etí. Èyí tó gba inú afẹ́fẹ́ nìkan ni fóònù ń rí gbà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó mọ́ mi létí, mo wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gan-an. "Bóyá" pọ̀, "mo kàn ní kí n" pọ̀. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni "a". "A tún ètò náà tò," nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n kọ́ wa láti to ìtàn iṣẹ́ wa báyìí: bí nǹkan ṣe rí, ohun tó já lé mi léjìká, ohun tí mo ṣe, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Níbi kẹta yẹn, "a" ò gbọdọ̀ yọjú àfi tó bá jẹ́ òótọ́. Ó le o. Ìgbà mẹ́fà ni mo gba ìtàn kan ṣoṣo sílẹ̀ kó tó jáde láìkọsẹ̀.

Àwọn ará ẹgbẹ́ mi dáa, wọ́n tiẹ̀ dáa jù: "ó dáa, ó dáa" ni gbogbo èsì wọn. Bí ẹ bá máa forúkọ sílẹ̀, ẹ wá ẹnì kan mọ́ra tí kò ní pọ́n yín lé. Ẹni tí kò sì tíì mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, kó fi owó rẹ̀ pamọ́ ná.

Ohun tó bí mi nínú ni pé wọ́n ń kọ́ wa pé ìdá 7 nínú 100 péré ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń kó nínú ohun tí à ń gbọ́. Ohùn àti ojú ló ni ìyókù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣebí à bá máa wo sinimá elédè àjèjì, kó sì yé wa délẹ̀! Inú ìwádìí Albert Mehrabian lọ́dún 1967 ni wọ́n ti fa nọ́ńbà náà yọ, bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ẹnì kan fẹ́ràn nǹkan tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀ ló sì dá lé, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu èèyàn.

Ní ìpàdé tó kẹ́yìn, wọ́n béèrè bóyá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu: "Nọ́ńbà yẹn kò tọ̀nà, ìdí rẹ̀ sì nìyí." Kò sí "ẹ má bínú" kankan níbẹ̀, mo kà á. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní, "A ó tún un wò."

Mo ṣí fídíò náà lánàá. Ìdá 7 ṣì wà níbẹ̀. "A" ni wọ́n sì sọ, mo gbọ́ ọ dáadáa.