Fáíbà lórí Debian l'Ágbowó: pppoeconf gbà mí

Ilé-iṣẹ́ tó fa fáíbà wọ ṣọ́ọ̀bù mi l'Ágbowó mọ iṣẹ́ wáyà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ wọn ṣe rí i pé Debian, irú Linux kan tí a fi ń rọ́pò Windows, ni mò ń lò, ó ní Windows nìkan làwọn mọ̀. Ó kọ yúsánéèmù àti páswọ́ọ̀dù PPPoE, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, sórí ìwé, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an, torí owó kan náà ni gbogbo wa ń san.

pppoeconf, ètò kékeré tó ń to PPPoE lórí Debian, ló gbà mí. Ẹ fi dátà fóònù gbà á sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó dé. Ẹ tẹ "sudo pppoeconf" sínú tẹ́mínà. Á wá ihò wáyà fúnra rẹ̀, á béèrè yúsánéèmù àti páswọ́ọ̀dù, ó parí. "pon dsl-provider" ló ń tan án, "poff" ló ń pa á, "plog" á sì fi ibi tí wàhálà wà hàn yín. Tó bá béèrè nípa MSS (ìwọ̀n dátà tó lè wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan), ẹ gbà fún un o: PPPoE ń jẹ báìtì 8 nínú 1500 tí àpò kan máa ń gbà, 1492 ló ń ṣẹ́kù, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn sáìtì kan ò ní ṣí.

Fáíbà wọn yá, ẹ rà á. Ẹ ṣáà ti gba ìwé yẹn lọ́wọ́ wọn.