Ìwé àlọ́ Ìjàpá tí à ń kà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi

Ìwé àlọ́ Ìjàpá kan ló gba ọkàn gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀pẹ́ báyìí. ₦1,500 ni mo rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pàtẹ ìwé àlòkù. Bí iná bá lọ nírọ̀lẹ́, tí ẹ̀rọ dákẹ́, ẹnì kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á máa kà á sókè, àwọn yòókù á máa rán bọ́tìnì, wọ́n á máa ṣẹ́tí aṣọ.

Ìtàn tó dùn jù níbẹ̀ ni ti ìgbà tí Ìjàpá lọ kí àna rẹ̀. Ó jí àsáró gbígbóná, ó bù ú sínú fìlà, ó dé e mọ́rí, ó ní òun ń lọ. Ẹlòmíràn ì bá ti sáré sọ fún wa pé orí rẹ̀ bó. Ẹni tó kọ èyí kò kánjú rárá. Ó jẹ́ kí àwọn àna sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó tún jẹ́ kí wọ́n sìn ín kọjá ilé kẹta. Ìjàpá ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà, àwọn náà ń kí i, wọ́n ń bi í léèrè ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, epo sì ń yọ létí fìlà. Fìlà oníbàárà kan wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kàn fọwọ́ kàn án ni, ariwo ẹ̀rín sọ! Kò sẹ́ni tó lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́.

Ti okùn ọ̀run náà dára. Ìyàn mú, Ajá fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sókè, Ìjàpá kọ́ orin rẹ̀ kó lè gun okùn lọ jẹun. Wọ́n gé okùn, ó já bọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yánkanyànkan, síbẹ̀ kò kú. Àwa ará Ẹ̀pẹ́, tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá wá bá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, a mọyì ẹni tó bá yè é.

Ibi tí ìwé náà ti jáni kulẹ̀ ni ìtàn akèrègbè ọgbọ́n. Ìjàpá so ó mọ́ ikùn, kò lè gun igi; ibi tó yẹ kó ti fẹ̀ ẹ́ lójú gan-an ló ti sáré kọjá. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n tò sí ìparí ìtàn kọ̀ọ̀kan tún pọ̀ jù. Ọmọ tó ti rẹ́rìn-ín àsáró yẹn ti mọ̀ pé olè kò dára. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kò fi àmì ohùn sórí àwọn orin. Èmi gbọ́ wọn lẹ́nu ìyá mi, mo lè dá wọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kò lè dá a, bẹ́ẹ̀ ègbè ló yẹ kí gbogbo wa jọ máa gbè.

Mo ṣì ní kí ẹ rà á. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà méjì lórí àtẹ, ẹ ṣí ojú ewé orin wò kí ẹ tó sanwó; èyí tó bá ní àmì ohùn ni kí ẹ mú.